Òróró Lórí Ìdọ̀tí

Ẹsẹ̀ ni ìròyìn náà fi rìn wọ ìlú, ọjọ́ kan gbáko sì ti kọjá lórí rẹ̀ kí ó tó dé.

Dúdú ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ó tajú kán rí Oníbúrẹ́dì tí ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Kò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń tì í bọ̀ ni, bí ẹni tó ń ti ewúrẹ́ olóríkunkun lọ sọ́jà. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣófo, ẹrẹ̀ ti mu ọkùnrin náà dé orúnkún, ṣéènì kẹ̀kẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi òróró dúdú ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ ní àyà.

Bàbá Dúdú, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, gbójú sókè níbi tí ó ti ń lẹ táyà.

"Ẹ wá wò ó o! Oníbúrẹ́dì ti joyè! Ṣéènì lòun ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn."

Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó."

"Kí n jókòó ṣe kí ni? Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Sọ̀rọ̀."

"Màmá Àgbà ni. Àárẹ̀ mú un gan-an. Wọ́n ní kí ẹ̀yin àti Dúdú máa bọ̀ kíákíá, ó ń bèèrè yín."

Táyà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. "Ìgbà wo ni wọ́n rán ọ?"

Oníbúrẹ́dì wo ilẹ̀. "Àná, Bàbá. Kí oòrùn tó kan àtàrí."

Ní abúlé tí Màmá Àgbà, ìyá Bàbá, ń gbé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dà bí àna tí inú ń bí: bó bá yà lónìí, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó tún yojú. Láti ìgbà tí òjò sì ti wó afárá, ọkọ̀ kankan kò dé ibẹ̀ mọ́. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ sórí odò, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni ó sì gbà. Oníbúrẹ́dì ló wá di fóònù wọn. Bó bá gbé búrẹ́dì lọ, á gbé ìkíni lọ. Bó bá ń padà bọ̀, á gbé ìdáhùn bọ̀. Kò fi iṣẹ́ tí wọ́n rán an falẹ̀ rí.

"Àná!" Bàbá ti dìde. "Àná ni wọ́n rán ọ, òní lo dé?"

"Ṣéènì ló já, Bàbá. Àárín oko ló ti já, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ènìyàn. Mo ti kẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi. Odò ti kún, n kò lè fẹsẹ̀ wá pákó yẹn nínú òkùnkùn. Ahéré kan ni mo sùn sí."

"Kí ló dé tí o kò sọ kẹ̀kẹ́ náà sígbó, kí o sáré?"

"Kẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi ni, Bàbá."

"Ìyá tèmi ńkọ́? Ìyá ta ni?"

Oníbúrẹ́dì bọ́ ṣéènì lọ́rùn, ó sì rọra gbé e sórí tábìlì iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ojú Dúdú lọ. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ṣéènì yẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

* * *

Kẹ̀kẹ́ Bàbá ni wọ́n gùn lọ, Dúdú jókòó sẹ́yìn, ó di ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú ní ìbàdí. Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà kò sọ nǹkan kan. Ó ń yí láìdún, bí aṣọ tó ń yọ lórí aṣọ, nítorí pé Bàbá kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó tú u fọ̀. Ì bá dára fún Dúdú bí ó bá ń ké. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ń bá a wí ju igbe lọ.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé ẹnu ọ̀nà Màmá Àgbà, wọ́n bá obìnrin aládùúgbò rẹ̀ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí. Kò dìde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìrọ̀lẹ́ àná ni."

Bàbá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kò jẹ́ kó ṣubú, kò sì gbé e dúró.

"Láti ọ̀sán ló ti ní kí n yí àga òun kọjú sí ọ̀nà," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni pé bí ó bá dákẹ́ ẹkún ni yóò gba ipò. "Bí agogo kẹ̀kẹ́ kan bá ti dún, á ní, 'Àwọn ọmọ mi nìyẹn.' Mà á ní, 'Rárá, Màmá, ẹni tó ń lọ sóko ni.' Á ní, 'Tún wò ó dáadáa.' Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi lọ."

Màmá Àgbà ló tọ́ Dúdú láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú títí ó fi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun ló kọ́ ọ láti máa ka ìwé sókè, nítorí pé ojú òun fúnra rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́, ó sì fẹ́ràn ìtàn bí ọmọdé. "Kà á lọ," ni yóò máa wí, "má jẹ́ kí n sùn kí n tó mọ ẹni tó fẹ́ ẹ." Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà. Bàbá lọ dúró tì í, ó fi ọwọ́ kan ibi ìfọwọ́lé rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹkún tí kò ní ohùn ni, bí ẹkún ẹni tí kò sunkún rí láti ìgbà èwe.

Dúdú kò sunkún. Ó ń ronú nípa ọjọ́ Sátidé tó kọjá.

* * *

Ní ọjọ́ Sátidé náà, Bàbá ń jáde lọ ra sípóòkì. Kẹ̀kẹ́ Oníbúrẹ́dì wà nílẹ̀, ó ti ń ké bí ọmọ adìyẹ tó sọnù.

"Dúdú, Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Tú ṣéènì rẹ̀, kí o rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì fọ oríkèé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nù ún, jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ yí oríkèé kọ̀ọ̀kan wò kí o tó kán òróró sí i. Rántí o: a kì í fọ ṣéènì torí kó lè dán..."

"À ń fọ̀ ọ́ ká lè rí i ni," Dúdú bá a parí rẹ̀. "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ débi pé mo lè fi kọrin."

"Kọ ọ́ lórin nígbà náà. Ṣáà ti fọ̀ ọ́."

Bàbá kò tíì rìn jìnnà tí Aláròyé fi dé, ọ̀rẹ́ Dúdú tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"O ṣì ń kàwé yẹn? O ti rán ara rẹ níṣẹ́! Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ní bí kò bá bá a lọ́wọ́ wa, òun kò ní yá wa ní òmíràn mọ́."

"Ó ku díẹ̀ kí n parí rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ìjì sì ti dé. Mo fẹ́ fọ ṣéènì yìí ná."

"Ṣéènì!" Aláròyé wo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni wo ẹja tó ti bàjẹ́. "Ta ló ń wo inú ṣéènì? Da òróró lé e lórí, yí pẹ́dà rẹ̀, fi àkísà nù ún. Bó bá ti ń dán, ó ti tó. Àbí Oníbúrẹ́dì máa lá a ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Dúdú wo abọ́ kẹrosíìnì, ó wo ìwé náà níbi tí ó dojú dé sí lórí àpótí. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kì í ṣe àìmọ̀. Bàbá ti sọ fún un nígbà kan pé ẹni tó da òróró lé iyanrìn inú ṣéènì, ọlọ ló fi sínú rẹ̀, tí yóò máa lọ irin náà díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan wà nínú ìjì, ojú ìwé díẹ̀ ló sì kù.

Ó da òróró náà. Ó yí pẹ́dà títí òróró fi wọlé dáadáa, ó fi àkísà nu òde rẹ̀, ṣéènì náà sì dán bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé, ó sì wọnú ọkọ̀ ojú omi lọ.

Nígbà tí Oníbúrẹ́dì dé, ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, ó fi ọwọ́ yí pẹ́dà, ó dẹ etí sí i.

"Háà! Kò ké mọ́! Àbúrò, ọwọ́ rẹ ti jọ ti bàbá rẹ. Bó bá fẹ̀yìn tì lọ́la, mi ò ní sunkún." Ó mú búrẹ́dì kan tó ṣì gbóná nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Gbà, tìẹ nìyí. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í fi ebi kàwé."

Dúdú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán láìgbé ojú kúrò nínú ìwé.

* * *

Wọ́n sin Màmá Àgbà, wọ́n sì padà sílé. Àwọn ènìyàn ń wá kí Bàbá, ohun kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo wọn: "Wọ́n rán ọmọ yẹn níṣẹ́ sí mi, ó lọ sùn sọ́nà." Ọ̀rọ̀ kì í dúró bí a ṣe sọ ọ́. Kí ó tó dé òpin àdúgbò, ó ti hu ìyẹ́. Àwọn kan ní ọtí ló mu. Àwọn mìíràn ní obìnrin kan wà ní ojú ọ̀nà yẹn tí ó máa ń yà kí. Nígbà tí ó dé etí ọ̀gá ilé búrẹ́dì, ọ̀gá náà kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Oníbúrẹ́dì, ó fi ṣéènì tuntun sí i, ó fún ẹlòmíràn, ó sì ní kí Oníbúrẹ́dì máa la igi tí wọ́n fi ń dáná lẹ́yìn ilé. Ẹni tí gbogbo abúlé ń fi ariwo ayọ̀ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ti wá di ẹni tí kò sí ẹni tó ń rí i.

Ṣéènì tó já náà wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí Bàbá wọlé lọ sinmi, Dúdú sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò mọ ìdí tí ó fi ṣe é. Ó bu kẹrosíìnì sínú abọ́, ó rẹ ṣéènì sí i, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fọ̀ ọ́ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, bí ó ti yẹ kó fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Kẹrosíìnì náà dúdú bí omi aró. Iyanrìn silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ó nù ún, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá mú un dé ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Ibi tí irin náà ti já ní àwọ̀ méjì. Apá kan ti dípẹtà, ó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Apá kejì funfun, ó ń kọ mànà. Ibi tó dípẹtà ti là tipẹ́tipẹ́. Ibi tó funfun nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ìyẹn ni pé ibi tó là yẹn ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, lábẹ́ ìdọ̀tí, ó ń dúró de ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ kí ó lè rí i.

"Mo ti rí i."

Dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ nù. Bàbá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìgbà wo, Bàbá?"

"Ọjọ́ tí a ti ìsìnkú dé. Mo ní kí n tún un ṣe fún un, kó má baà jẹ́ pé ìbínú nìkan ni mo mọ̀. Mo fi èékánná ha á báyìí, ìdọ̀tí ló jáde lábẹ́ òróró. Mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ?" Bàbá wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Ó ti rù lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí. "Kí n sọ fún ẹbí pé ọmọ mi ló dí ọ̀nà mọ́ ìyá mi? Wọn óò máa nàka sí ọ títí o fi máa relé ọkọ, wọn óò sì tún tẹ̀lé ọ débẹ̀. Ta ló sì tún máa gbé kẹ̀kẹ́ wá síbí? Jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ọkùnrin ni Oníbúrẹ́dì. Èjìká rẹ̀ á gbà á."

Dúdú kúnlẹ̀. Ẹkún tí kò rí sun látọjọ́ yìí wá dé lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó bẹ̀ mí."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé."

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí kẹrosíìnì ti bó ní orí ìka, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ìwọ ni ìka mi," ó wí, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀. "Ìyá mi ti lọ. N kò fẹ́ kí wọ́n tún gé ìka mi."

* * *

Nínú àwọn ìwé tí Dúdú ń yá kà, ẹni tó bá ṣẹ̀ máa ń sunkún nínú òjò, ẹlòmíràn á dì mọ́ ọn, ojú ìwé tó tẹ̀ lé e á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn. Ó dúró de ojú ìwé yẹn. Kò dé. Bàbá ti dárí jì í, síbẹ̀ bó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó má baà kọjá níwájú ilé búrẹ́dì. Aláròyé mú ìwé tuntun wá. Ó ka ìlà kan náà lákàtúnkà, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó wá yé e pé ìdáríjì bàbá rẹ̀ kò lè ran Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. Ìyá Bàbá ló kú, Bàbá sì lágbára láti dárí jì í nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ kì í ṣe ti Bàbá, Bàbá kọ́ ló sì yẹ kó fi tọrẹ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúró síwájú tábìlì iṣẹ́.

"Bàbá, mò ń lọ sí ilé búrẹ́dì. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún Oníbúrẹ́dì."

Bàbá kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ. Ó tẹ orí mọ́ táyà tó wà níwájú rẹ̀, ó ń wá ojú ihò, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè rí ihò kankan.

Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, èéfín ààrò gba gbogbo àgbàlá. Oníbúrẹ́dì ń la igi. Bí ó ti rí Dúdú, ó ju àáké sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn lójijì.

"Àbúrò! Ṣé Bàbá ló rán ọ sí mi?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

Ìmọ́lẹ̀ náà kú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀.

"Mi ò dá a lẹ́bi. Mo ti ń rò ó látọjọ́ yìí, òròòru ni mo sì ń rò ó. Èmi náà ni mo jẹ̀bi. O ti bá mi tún ṣéènì yẹn ṣe, ó ń dán, kò ké. Èmi ni mo lọ fi ìwàǹwára gùn ún lórí òkè. Ìyá arúgbó yẹn ló rán mi. Ó ní, 'Ọmọ mi, yára.' Mo sì yára jù. Bóyá ká ní mo rọra ni, ǹ bá ti dé lásìkò." Ó tún gbé àáké náà nílẹ̀. "Bá mi bẹ bàbá rẹ. Kì í ṣe torí iṣẹ́. Kó ṣáà ti máa dá mi lóhùn bí mo bá kí i."

Dúdú wò ó. Ọkùnrin yìí ti gbé ẹ̀bi náà lé ara rẹ̀ lórí, ó sì ti dì í dáadáa. Kí òun kàn mi orí ni, kí òun sọ pé "mo ti gbọ́," kí òun máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà á tán pátápátá, kò sì ní sí ẹni tó máa bèèrè mọ́ láé. Kò tíì rí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti da òróró lé ìdọ̀tí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni," ó wí. "Ìwàǹwára yín kọ́ ló já ṣéènì. N kò fọ̀ ọ́. Mò ń kàwé lọ́wọ́, mo da òróró lé e lórí, mo nu òde rẹ̀ kó lè máa dán lójú yín. Ó ti là tẹ́lẹ̀. Ká ní mo fọ̀ ọ́ ni, ǹ bá ti rí i. Èmi ni mo fà á tí Màmá Àgbà kò fi rí wa kó tó lọ, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe tó máa dá a padà. Mo tún dákẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀yin lẹ sì ń jìyà rẹ̀. Mo ti rí i báyìí pé iṣẹ́ tí èèyàn bá fi ojú ayé ṣe, ẹlòmíràn ló máa ń já mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Mi ò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ fi àáké yẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ká jọ wọlé lọ bá ọ̀gá yín. Èmi ni mà á sọ ọ́ fún wọn, níwájú gbogbo èèyàn."